Róbọ́ọ̀tì orí tẹlifíṣọ̀n mi

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n da róbọ́ọ̀tì mi, tí wọ́n fi agolo mílíìkì ṣe, sí ààtàn lónìí, nínú ilé mi ní Ìlaró!

Ọkọ ọmọ mi gbé róbọ́ọ̀tì olówó ńlá dé. Róbọ́ọ̀tì inú kàtúùnù tí òun àti ọmọ mi ń wò ní kékeré ni; wọ́n ti sọ kàtúùnù náà di fíìmù báyìí. Kò jẹ́ yọ ọ́ nínú páálí, kí iyì rẹ̀ má baà dínkù.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká da agolo orí tẹlifíṣọ̀n yìí nù. Orijínà rèé."

"Ìyàwó rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe agolo yẹn ní 1988. Apá wa ò ká róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń kó wá láti Kútọnu nígbà náà."

Ọmọ mi fa okùn tó wà lẹ́yìn agolo náà. Agolo mílíìkì gbé apá sókè, ó kí ọkọ ọmọ mi!

Orijínà ti wà lábẹ́ tábìlì báyìí. Ta ló ṣì ní róbọ́ọ̀tì alágolo tirẹ̀? Ẹ gbé fọ́tò wá.