Ẹ̀bẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Hyodo Gbé Lọ Sílé Oníbàárà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ara tù mí: ẹni tó bá tún bú ẹ̀gbọ́n Hyodo lójú mi, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Gbogbo ìlú Uwajima ló mọ̀ mí, èmi kì í ṣe ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí mo dákẹ́ fún odindi ọdún kan, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n dákẹ́. Ewu ti kọjá báyìí, ẹnu mi sì ti yá.

Ilé-iṣẹ́ jákotẹ́n la jọ ṣiṣẹ́, ẹja wẹ́wẹ́ inú òkun wa tí a ń lọ̀ tegungun-tegungun, tí a sì ń dín. Èmi Matsue ni mo ń gba ìpè àwọn oníbàárà. Hyodo Sadayuki ni alukoro wa. Tábìlì wa kojú síra wọn. Alukoro ayé ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ó mọ olóòtú ìwé ìròyìn ìlú, ó mọ ìyá olóòtú, ó tún mọ irú ọtí tí olóòtú ń mu tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́. Bí oníbàárà bá fi ẹjọ́ wa sùn, ẹ̀gbọ́n á wọ kóòtù dúdú, á so táì, á ra páálí táruto, kéèkì ilẹ̀ wa tí wọ́n ká bí ẹní tó ní ẹ̀wà dídùn nínú. Á fi aṣọ dì í, ó di ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún. Á tẹ̀ba síbẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó gbórí sókè. Páálí yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀bẹ̀ tó parí, torí bó bá kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, ó ti di rìbá nìyẹn.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, Matsue," ló máa ń wí. "Ẹni tó ń bínú, ojú rẹ ló fẹ́ rí."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí. Obìnrin kan fi èébú jí wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń bu tíì fún ẹ̀gbọ́n, ó ń fi fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ̀ hàn án. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ti ẹ̀gbọ́n, ọsàn ló ń yọ, agbọ̀n-agbọ̀n. Àwa ará ọ́fíìsì la máa ń jẹ ẹ́ títí àtẹ́lẹwọ́ wa á fi pọ́n.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Orie, sì gorí àga. Orie kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n Hyodo gan-an ló ti ń sùn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí ìyá rẹ̀ ń dín ẹja. Ó ní ìwé ìròyìn ti ń kú lọ, orí fóònù ni gbogbo ayé wà, kí ẹ̀gbọ́n máa kọ̀wé lórí ayélujára lórúkọ ilé-iṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Ará Inú ni wọ́n ń pè é. Kì í sọ orúkọ rẹ̀, kì í fi ojú hàn. Àwọn ènìyàn á máa bá a ṣeré bíi pé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló lanu sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹni tó ti ń fi ojú jẹun látọjọ́ yìí, ẹ wá ní kó gbé ojú pamọ́?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Bàbá, ẹ ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ṣáà máa kí wọn láàárọ̀."

Ó kí wọn. Háà! Ó kọ́kọ́ kọ nípa òtútù tó ń bọ̀, ó kọ nípa ewé tó ń pọ́n lórí òkè, ó béèrè àlàáfíà ilé àti ọmọ, kó tó wá dé orí jákotẹ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọba lẹ̀ ń kọ̀wé sí ni?" Ó ní, "Ẹ̀kọ́ ilé ni, ìwọ ò lè mọ̀ ọ́n." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àṣé àwọn tó wà lórí fóònù ti ń wá ẹni tó máa béèrè àlàáfíà wọn. Wọ́n ya bo ojú ewé wa lórí ayélujára. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Tokyo ń jí kí i kí wọ́n tó wẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ń ṣe bí ẹni pé kò dùn.

Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọsàn Kékeré gbé fọ́tò síta. Jákotẹ́n wa ló wà nínú àwo, pẹ̀lú ìrépé ọ̀rá búlúù kan tó yọ jáde láàárín rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí i pé díẹ̀ ló kù kí òun gbé e mì, òun ò jẹ ẹ́ mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Mo mọ ibí yìí," ló wí. "Wo ojú fèrèsé tó wà lẹ́yìn àwo. Òpó èéfín ilé-ìwẹ̀ àtijọ́ nìyẹn, àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, kó parí síbẹ̀."

"Àtàǹpàkò ni kí n fi bẹ ẹni tó fẹ́ẹ̀ gbé ọ̀rá mì?"

Ó ti ń so táì. Èmi náà ò rí nǹkan kan tó burú nínú ẹ̀, ká má parọ́. Ohun tó ti ń ṣe látìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tó padà dé, òjò ti pa á, páálí táruto ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Páálí yẹn kì í bá a padà wálé.

"Wọn ò gbà á?"

"Matsue, mo ti ṣe ohun tí kò dáa." Ó jókòó. "Kò sí orúkọ kankan lára ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó fi ṣéènì há a, ó wá ṣí i díẹ̀. Mi ò tíì tẹ̀ba tó fi ní, 'Ta ló júwe ibí fún yín? Ṣé òun ló rán yín?' Ó pa ìlẹ̀kùn dé. Mo ń gbọ́ ọ tó ń wọ́ nǹkan tó wúwo sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ 'òun' yẹn. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọbìnrin náà. Ojú ẹni tí wọ́n ti nà rí ni."

Kó tó bọ́ bàtà tó tutù yẹn tán, ọ̀rọ̀ Ọsàn Kékeré ti jáde: *Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ yẹn wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Mi ò sọ ibi tí mò ń gbé fún ẹnikẹ́ni. Ara mi ń gbọ̀n.*

Ojú ewé wa gbiná. Àwọn tó ń kí i láàárọ̀ ló kọ́kọ́ sọ òkúta. Báwo lẹ ṣe mọ ilé rẹ̀? Ṣé ẹ ti ń ta àdírẹ́sì wa ni? Ta ni àgbàyà tó ń tọ obìnrin lẹ́yìn yẹn? Àwọn ilé ìtajà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹja wa padà. Ọkùnrin kan pè, ó bú ìyá tó bí ẹni tó lọ síbẹ̀. Mo ní kó fi orúkọ ìyá tirẹ̀ sílẹ̀ kí n lè dá a lóhùn dáadáa. Orie gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ó pe àwa méjèèjì wọ yàrá, ojú rẹ̀ ti wú. "Bàbá, ó rọrùn. Ẹ sọ pé ojú fèrèsé inú fọ́tò lẹ fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á mọ̀ pé a ò ta àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni, iná á kú."

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́."

"Ẹ fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ bàbá mi wó ni?"

"Ẹnì kan ń wá ọmọbìnrin yẹn. Fọ́tò yẹn ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ojú ẹja ni wọ́n ń wò, wọn ò tíì wo ojú fèrèsé. Bí a bá sọ ọ́ báyìí, àwa la fi ọwọ́ júwe ilé rẹ̀ fún ẹni tó ń sá fún."

Ẹyin lohùn, Orie mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Wọ́n á bà yín lórúkọ jẹ́, bàbá. Wọ́n á pè yín ní ohun tẹ́ ò jẹ́."

"Orúkọ mi ti dàgbà, ó lè ru ẹrù."

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sunkún nínú èmi àti Orie. Mo rò pé èmi ni.

Ọmọbìnrin náà ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ilé-iṣẹ́ wa lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wa kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Fóònù tèmi ni mo lò. Mo kọ ọ́ pé: *Obìnrin bíi tìrẹ ni mí. Ojú fèrèsé rẹ ló tú ọ fó. Yọ fọ́tò yẹn kúrò, dákun. Kò sẹ́ni tó rán bàbá yẹn, a ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.* Kò dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wò, fọ́tò náà ti kúrò lójú ewé rẹ̀. Èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti kó pamọ́ ló kù, ìyẹn ò sì ṣeé kó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wá ṣe ohun tí Ará Inú kankan kì í ṣe. Ó kọ orúkọ rẹ̀ síta. *Èmi, Hyodo Sadayuki, ni mo lọ. Ilé-iṣẹ́ kò rán mi. Ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ ni mo kó jìnnìjìnnì bá. Mi ò ní àwáwí kankan.* Kò sí òtútù, kò sí ewé tó pọ́n. Iná bá kúrò lára ilé-iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá ré lu òun nìkan. Báwo lo ṣe mọ ilé rẹ̀? ni gbogbo wọn ń pariwo. Kò dáhùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè láti Osaka, ó ń sunkún pé, "Bàbá, ẹ ṣàlàyé fún mi, kí n lè rí nǹkan sọ fún àwọn àna mi." Ó ní kò sí àlàyé. Ó ju oṣù mélòó kan lọ tí ọmọ yẹn kò fi pè é mọ́, mo sì rí bí bàbá yìí ṣe ń rù.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àsìkò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó pé. A ò lè fún un ní òdòdó, a ò lè bá a mutí ìdágbére, kí ẹnì kan má baà yà á sí fọ́tò. Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ń kó ìdọ̀tí ẹja sí, ló gbà jáde. Orie tẹ̀lé e débẹ̀, ó dì mọ́ ọn bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n wá padà sí ọgbà ọsàn bàbá rẹ̀ lórí òkè.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdáhùn ọmọbìnrin náà wọlé sórí fóònù mi. Mo gun òkè yẹn bí ẹni tí ajá ń lé, èmi tí orúnkún ń dùn! Mo bá a lórí àkàbà, ó ń gé ọsàn. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n kà á, ojú òun ò ríran mọ́. Mo kà á:

*Mà, mo ti kó kúrò níbẹ̀, mo ti kúrò ní ìlú yẹn pátápátá. Kí n tó lè kó lọ ni kò jẹ́ kí n tètè dáhùn. Ẹni tí mò ń sá fún wà láàárín àwọn tó ń bi bàbá yẹn léèrè bí ó ṣe mọ ilé mi. Mo dá orúkọ rẹ̀ mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín pé olójú àánú ni. Mo jókòó ti fóònù, mo ń dúró kí bàbá yẹn dáhùn. Gbogbo ayé ń bú u, kò dáhùn. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo wà láàyè.*

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí koríko. Ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo jókòó tì í, mo bó ọsàn kan sílẹ̀ dè é.

Ó gbé orí sókè wò mí. "Matsue, má sọ ibi tó kó lọ fún mi o."

"Kò sọ fún èmi náà."

"Ó káre," ló wí. "Ọmọ dáadáa, ó káre."