Fàsílátù Alápò àti Ẹkún Ọmọ Ajá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá Fàsílátù aya Mùsílíù, tí ó sì pa á mọ́ láàárín wa di òní. A dúpẹ́ fún ẹ̀mí rẹ̀, a dúpẹ́ fún ìmọ́tótó rẹ̀, a sì dúpẹ́ pàápàá fún ìbínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá bínú nítorí ohun tí kò lè gbèjà ara rẹ̀, a gbà pé ìbínú bẹ́ẹ̀ kò ní ṣòfò lórí òṣùwọ̀n ọjọ́ ìkẹyìn.

Iṣẹ́ àpò ni Fàsílátù ń ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní apá Sango kì í fẹ́ kí àpò òfìfo gba àyè mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi kó ìyẹ̀fun wá àti èyí tí wọ́n fi kó oúnjẹ adìyẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún ẹni tí ó bá lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Fàsílátù a kó o wá sí abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ lẹ́yìn ilé Ògúndèyí ní Ọ̀tà, a gbọ̀n ọ́n, a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sá a sóòrùn, a sì rán ibi tí ó bá ya. Àwọn tó ń ṣe gààrí ní Alapoti àti Ìjù ni oníbàárà rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àpò Ìyá Alápò kì í rùn, kì í sì í ta èérí sí ohun tí a bá dà sínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bí ó bá rí àpò nílé ẹni tí ó lọ kí, ojú rẹ̀ á ti máa wá ibi tí ọṣẹ wà.

Nígbà tí àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ wọ abẹ́ àtíbàbà náà, tí wọ́n ń kó àpò tí ó ti fọ̀ tí ó ti gbẹ lọ, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, Ọláńrewájú tó ń ṣe gààrí ní Alapoti, ní òun yóò fún un ní ajá. Fàsílátù kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò lè máa kírun kí òun tún máa wo ẹ̀yìn bóyá ajá ń lá bùtà àlùwàlá òun. Ọkọ rẹ̀, Mùsílíù, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéù, ni ó fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó rán an létí àwọn ọ̀dọ́ tó sá wọ inú ihò àpáta nítorí ìgbàgbọ́ wọn, tí Ọlọ́hun mú kí wọ́n sùn lọ fún ọdún gbọọrọ, tí ajá wọn sì na ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bí Ọlọ́hun kò bá ka ajá náà sí ohun ìtìjú nígbà tí Ó ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹni rere, kò yẹ kí àwọn kà á sí i. Kí ó ṣáà ti máa gbé ìta, kí ó máa ṣọ́ àpò.

Báyìí ni Ọláńrewájú ṣe gbé ọmọ ajá kan wá lórí ọ̀kadà, nínú páálí, pẹ̀lú ògbólógbòó àpò kan tí ó tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ajá pupa kékeré ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Bí ọkùnrin náà ti kẹ́yìn sí wọn báyìí ni Fàsílátù ti fojú kan àpò. Irun wà lára rẹ̀, itọ́ ti gbẹ mọ́ ọn, ó sì ń rùn. Ó jù ú sínú báàfù, ó kọ́kọ́ fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa nípa ohun tí itọ́ ajá bá kàn, ó wá ń da omi lé omi lórí rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ọṣẹ parí iṣẹ́. Nígbà tí ó gbẹ, ó ń ta sánsán. Ó tún un tẹ́ fún ọmọ ajá náà, inú rẹ̀ sì dùn pé òun tọ́jú àlejò òun.

Láti ìgbà náà ni ọmọ ajá kò ti dákẹ́ mọ́. Kò gbó, nítorí kò tí ì mọ bí wọ́n ti ń gbó. Ó kàn ń ké ṣáá, ní ohùn tín-ín-rín, bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Wọ́n fún un ní ẹja, ó ké. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ, ó lá a tán, ó sì padà sídìí ẹkún. Kàfáyá tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn yọjú lórí ògiri, ó ní kí wọ́n fi ata sí i lẹ́nu, yóò gbọ́n. Fàsílátù dá a lóhùn pé nígbà tí Kàfáyá bí àkọ́bí rẹ̀, kò sí ẹni tó rí oorun sùn ládùúgbò, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mú ata lọ bá ọmọ náà. Kàfáyá sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri.

Ọ̀rọ̀ ata ṣì kéré. Ògúndèyí, bàbá onílé, ní ìyá arúgbó kan tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àtíbàbà, ikọ́ sì ń dà á láàmú. Ó wá dúró síwájú Fàsílátù, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, kò kí i.

“Ìyá Tahir, ajá yín ń pe ikú. Ìyá mi ló ń sunkún lé lórí.”

“Bàbá onílé, èyí tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là yìí, níbo ló ti bá ikú pàdé?”

“Ajá ń rí ohun tí ènìyàn kì í rí. Ẹ gbé e kúrò níbí kí Jímọ̀ tó dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ̀yin náà kó àpò yín tẹ̀ lé e.”

Fàsílátù wo àyíká rẹ̀. Kànga wà nínú àgbàlá náà, oòrùn sì ń ràn sí ibi tí ó ń sá àpò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti tọ́ Tahir ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ará Alapoti mọ̀. Bí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká a lára jù ni ẹ̀sùn náà. Ẹ̀dá Ọlọ́hun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí kò tí ì fi èékánná ha ẹnikẹ́ni, ni wọ́n sọ di oníṣẹ́ ikú. Ọwọ́ Ọlọ́hun nìkan ni àkókò olúkúlùkù wà. Kò fi rán ajá, kò sì fi rán bàbá onílé. Síbẹ̀ ẹni tó mọ èyí náà lè pàdánù àtíbàbà rẹ̀, kí Jímọ̀ tó dé.

Ó gbé ọmọ ajá àti àpò rẹ̀ padà sínú páálí, ó sì gba Alapoti lọ. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé aláìsàn ni Ọláńrewájú fún òun. Ajá ń ké nínú páálí, òun náà ń kùn lókè rẹ̀, títí ọlọ́kadà fi bi í pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí òun bẹ̀.

Ìdí ààrò ni ó bá Ọláńrewájú, tí ó ń yan gààrí. Kò dúró kí ọkùnrin náà kí òun tán tí ó fi ro gbogbo ẹjọ́: igbe, ata, Ògúndèyí, àtíbàbà. Ọláńrewájú nu ọwọ́, ó yọjú wo inú páálí, ó sì fa àpò jáde.

“Màmá, àpò tí mo tẹ́ síbí dà?”

“Òun náà lo mú dání yẹn.”

Ó gbé e sí imú. Ó tún gbé e sí imú. “Ẹ fọ̀ ọ́.”

“Kí ni kí n ṣe sí àpò tó ń rùn?”

Ọláńrewájú jókòó sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí èéfín fi há a lọ́fun, ó wá ṣàlàyé pé orí àpò náà ni ìyá ọmọ ajá yìí bímọ sí, orí rẹ̀ ni ó ti ń fún wọn lọ́mú. Òun mọ̀ọ́mọ̀ fà á yọ lábẹ́ rẹ̀ ni, kí ọmọ lè máa gbóòórùn ìyá rẹ̀ títí ibi tuntun yóò fi mọ́ ọn lára.

“Ìyá rẹ̀ lẹ fọ̀ dànù, Màmá.”

Ìbínú tí Fàsílátù gbé bọ̀ láti Ọ̀tà kò rí ibi sọ̀ sí. Ó wo ọmọ ajá náà, ojú tì í díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ibi tí yóò gbé ìbínú náà kà.

“Láńre, o mọ̀ mí. O gbé àpò ìdọ̀tí fún èmi Fàsílátù, o ò sì sọ pé kí n má fọ̀ ọ́?”

Ọláńrewájú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó ní òun jẹ̀bi, kò sí àròyé. Ó wọ inú ilé lọ, ó sì fa àpò mìíràn yọ lábẹ́ ìyá ajá. Bí wọ́n ti tẹ́ ẹ sínú páálí ni ọmọ ajá ti imú bọ̀ ọ́, ó ká ara rẹ̀ mọ́ra, ó sì dákẹ́. Ọlọ́kadà tí ó gbé wọn padà kò mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí wà lẹ́yìn òun yàtọ̀ sí Fàsílátù.

Iṣẹ́ tó wá kù nílé le ju gbogbo àpò tí ó ti fọ̀ rí lọ. Ó tẹ́ àpò rírùn náà sí igun àtíbàbà, ó jìnnà sí ibi ìkírun, ó sì jìnnà sí àwọn àpò mímọ́. Ọwọ́ ń yún un. Bí ó bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó ń kírun, á yára kọjá.

Lówùúrọ̀ Jímọ̀, Ògúndèyí dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti okùn. Àgbàlá dákẹ́. Ó yọjú sí igun, ó rí ọmọ ajá tí ó sùn fọnfọn, ó sì sún sẹ́yìn.

“Kí lẹ fi sí i lára?”

“Ìyá rẹ̀ ni mo dá padà fún un.”

Kò yé Ògúndèyí. Ó mi orí, ó ní kí ajá dákẹ́ lójijì báyìí tilẹ̀ burú ju kí ó máa ké lọ. Ibẹ̀ ni sùúrù Fàsílátù tán.

“Bàbá onílé, ó ké, ẹ ní ikú ni. Ó dákẹ́, ẹ ní ikú ni. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kó ṣe fún mi, kí n lè kọ́ ọ.”

Ẹnìkan húkọ́ lẹ́yìn fèrèsé. Ìyá Àgbà, ìyá Ògúndèyí, ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi Fàsílátù bí ó ṣe mú ọmọ ajá náà dákẹ́, Fàsílátù sì ròyìn ọ̀rọ̀ àpò fún un. Arúgbó náà pe ọmọ rẹ̀.

“Ògúndèyí.”

“Ìyá mi.”

“Nígbà tí bàbá rẹ mú ọ lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìjù, ìró mi lo jí dì mọ́ ẹrù rẹ. Mo mọ̀, n ò kàn bi ọ́ ni. Ikú ta ni ìwọ náà ń pè?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà wo ilẹ̀. Ògúndèyí gba okùn lọ́wọ́ ẹnìkejì, ó ká a jọ, ó ní kí wọ́n máa lọ. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Fàsílátù, àwa náà kò sì ní purọ́ pé ó tọrọ. Ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà fèrèsé kọjá, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ọmọ ajá ti ń gbó báyìí. Àpò náà ṣì wà ní igun, òórùn rẹ̀ sì ń le sí i. Fàsílátù kò tí ì fọ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́hun tí ó ka ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan sí jẹ́ ẹlẹ́rìí Fàsílátù. Kí Ó fi ìbùkún sí ọwọ́ rẹ̀ tó ń fọ̀, kí Ó sì tún fi sí i nígbà tí ó bá ká a kò. Kí Ó dáàbò bo Mùsílíù ọkọ rẹ̀ àti Tahir ọmọ rẹ̀, kí olè má rí ọ̀nà wọlé wọn, kí òórùn Ìyá Tahir má ṣe kúrò nínú ilé náà kí ó tó pẹ́ jọjọ. Kí Ó fún Ìyá Àgbà ní àlàáfíà. Àmín.