Okùn Àpò Tí Abẹ Gé

Kò sí ohun tí Ìyá Ìbejì fẹ́ràn nínú ẹrù rẹ̀ tó àpò ọwọ́ rẹ̀. Awọ gidi ni. Ọkọ rẹ̀, aránbàtà, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an fún un nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Olúwa, ó sì fi abẹ gé okùn àpò náà.

Ọ̀rọ̀ ló gbé e débẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn ti kọ lu apá ọ̀tún Bàbá Ìbejì, kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Dókítà ní ọwọ́ ti ń bọ̀ sípò, pé iṣẹ́ ló máa mú un le. Bàbá Ìbejì ní dókítà kì í rán bàtà. Ó ti bá ẹnì kan sọ ọ́, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni onítọ̀hún sì ń bọ̀ wá ra gbogbo irinṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé bí irinṣẹ́ bá fi lè jáde nílé, orí àga ni ọkọ òun máa jókòó sí di ọjọ́ àjíǹde. Ó ti gbàdúrà títí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í gbé abẹ́rẹ́ síni lọ́wọ́.

"Bàbá Ìbejì, okùn àpò mi já o. Ọ̀la sì ni ìsìn."

"Gbé e fún ẹni tó ń bọ̀ wá kó irinṣẹ́."

"Kí ọkùnrin mìíràn máa tún iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi ṣe? Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ ná."

Bàbá Ìbejì gba àpò náà, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó wo ibi tó já títí.

"Alágídí," ó pè é. Láti ìgbà àìsàn yìí, kò tíì pè é bẹ́ẹ̀. "Awọ tó bá gbó, ẹnu rẹ̀ á ti ṣe wúruwùru kó tó já. Èyí lọ tààrà. Àbí èkúté ilé wa ti ń fá irùngbọ̀n ni, tó fi ní abẹ?"

"Ẹ bi í tó bá jáde."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. "Gbé àpótí irinṣẹ́ mi wá."

Ó fi ìda pa òwú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òlu tó fi ń lu awọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì nawọ́ láti bá a mú un, ọkọ rẹ̀ wò ó lójú, obìnrin náà sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó ń ka sáàmù sínú. Ojú rírán àkọ́kọ́ wọ́ bí ejò. Bàbá tú u, ó tún un rán.

Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹni tó fẹ́ ra irinṣẹ́ fi wọlé. "Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá. Àwọn irinṣẹ́ náà dà?"

Bàbá Ìbejì kò gbójú sókè. "Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́."

Àlejò wo àpò, ó wo Ìyá Ìbejì. Àjà ni ìyẹn ń wò ní tirẹ̀.

"Ṣé kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni?"

"Bí bàtà rẹ bá já, máa bọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, okùn àpò ti kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú abíyá gan-an ló há sí. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bi í pé ta ló rán irú èyí fún un.

"Ọkọ mi ni," Ìyá Ìbejì wí, ó sì fún àpò náà mọ́ra bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.