Ọkùnrin Tó Ń Ka Ìwé Ìfẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè nígbà yẹn pé kí ni mò ń kà, ìwé ìròyìn ni mo máa ń pè é. Irọ́ gbáà ni. Ìwé ìròyìn wo ló ní àwòrán ọkùnrin tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tó gbá obìnrin mọ́ra létí òkun? Ṣùgbọ́n mo ti fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀, bí a ṣe máa ń bo ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, kò sì sẹ́ni tó rí ọkùnrin náà àfi èmi. Télọ̀ ni mí. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí ọ̀nà márosẹ̀ ní Ìbàfò. Mo ti lé lógójì ọdún, mo bímọ mẹ́ta, n kì í sì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ. Irú mi kọ́ ló yẹ kó máa ka ìwé ìfẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ló kó mi sí i. Èkó ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ tó bá ń darí bọ̀ ló máa ń yà lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé ìwé kan sínú ọ̀rá aṣọ tó ní kí n bá òun fún mọ́ra. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ mi sì ti kọṣẹ́. Mo ní kí n kàn wo ojú ewé àkọ́kọ́ ná. Ìgbà tí mo fi máa gbórí sókè, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ń palẹ̀ mọ́, aṣọ tí mo ṣèlérí fún ẹlòmíràn sì wà lórí tábìlì bí mo ṣe gé e kalẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí obìnrin náà padà wá, mo na ìwé rẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti kà á tán jàre, Bọ̀ọ̀dá Télọ̀. Ẹ fún madam yín kí wọ́n kà á." Mo dúpẹ́. N kò fún madam kankan.

Láti ìgbà náà, mo di oníbàárà ọkùnrin tó máa ń pàtẹ ìwé àlòkù lẹ́bàá títì. Mo ra tòkèèrè, mo ra tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Mo kà wọ́n débi pé mo lè dá wọn lẹ́jọ́, ẹ sì jẹ́ kí n sọ òótọ́, púpọ̀ nínú wọn kò dára. Olówó ni ọkùnrin inú wọn, n kò sì mọ ìgbà tó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní ó ni ilé-iṣẹ́ ńlá, àmọ́ láàárọ̀ ó wà lẹ́yìn obìnrin, lọ́sàn-án ó wà lẹ́yìn obìnrin. Èmi tí mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, n kì í ráyè jẹun ọ̀sán. Obìnrin inú wọn kò sì mọ ìrìn rìn. Bó bá ti fojú kan ọkùnrin yẹn báyìí, ó ti kọsẹ̀ nìyẹn, ọkùnrin á sì gbá a mú. Mo máa ń bi ara mi pé ta ló ń gbẹ́ kòtò kiri sílẹ̀ dè wọ́n.

Ti aṣọ tún burú. Wọ́n á kọ ọ́ pé ó wọ gáùn pupa. Gáùn pupa báwo? Apá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn ni síìpù wà ni, àbí ẹ̀gbẹ́? Ènìyàn ò lè mọ irú obìnrin tó jẹ́ bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe rán aṣọ rẹ̀. Tiwa sàn díẹ̀ ní ti èyí, nítorí àwọn òǹkọ̀wé wa mọ léèsì, wọ́n mọ àǹkárá. Àmọ́ nínú tòkèèrè kò sẹ́ni tó ní ìyá, nínú tiwa ẹ̀wẹ̀ ìyá ọkọ pọ̀ jù, gbogbo wọn ló sì burú. Kí ọkùnrin tó di obìnrin lọ́wọ́ mú, wọ́n á ti gbàdúrà, wọ́n á ti lọ rí pásítọ̀. N kò bínú sí àdúrà o. Mo kàn fẹ́ mọ bóyá wọ́n máa fẹ́ra ni.

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ ni ìjà wọn. Ọkùnrin á rí obìnrin pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á rò pé àlè ni. Kò ní béèrè. Obìnrin náà kò ní sọ. Ìdajì ìwé ni wọ́n á fi sunkún lórí ohun tí gbólóhùn kan ṣoṣo lè parí. Mo máa ń pariwo lé wọn lórí nínú ṣọ́ọ̀bù: "Ṣé ẹnu yín di ni?" Lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ́, omi á sì bọ́ lójú mi, n ó ní eruku ni.

Inú ilé ni àṣírí ti tú. Mọ́wé là ń gbé, ìyàwó mi sì ń ta ike níwájú ilé. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn tún àyíká ṣe, ó ní òun fẹ́ sá fóòmù wa sóòrùn. N kò rántí ohun tí mo fi síbẹ̀ títí tó fi jáde sí mi lẹ́yìnkùlé. Ìwé tí obìnrin Èkó fún mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ti bọ́ kúrò, ọkùnrin tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ń wò wá. Ríbọ́ọ̀nù pupa tí ẹni tó ni ín fi ń sàmì ibi tó kà dé ṣì wà láàárín rẹ̀, òórùn pàùdà obìnrin sì ń ti inú rẹ̀ jáde.

"Bàbá ọmọ mi, ta ló nìyí?"

Mo wo ìwé, mo wo ọkọ́ tí mo fi ń ro koríko. Mo ní, "N kò mọ̀."

Nínú gbogbo èsì tó wà láyé, èyí ni mo mú. Ó ní, "Ẹ ò mọ̀. Lábẹ́ fóòmù tí àwa méjèèjì jọ ń sùn lé." Kò pariwo. Ó gbọn ríbọ́ọ̀nù náà bọ́ sílẹ̀, ó sì wọlé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí n fi tẹ̀ lé e. N kò sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo di ọkùnrin inú ìwé, láìní kọ́bọ̀.

Ó ń gbé oúnjẹ fún mi bó ṣe máa ń gbé e, ó ń kí mi káàbọ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́. Kò pẹ́ tí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù dé, tí mo bá àgbà méjì ní pálọ̀ wa: àbúrò bàbá mi láti Ìfọ̀, àti ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi obìnrin láti Òwódé. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò tètè ní kí n dìde.

Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyàwó ẹ ní òun rí nǹkan obìnrin nínú yàrá yín. A ò wá bá ọ jà. Ọkùnrin ni ọ́. Ẹ̀sìn wa gbà á, tágbára bá ti wà, tó o sì lè ṣe déédéé láàárín wọn. Mú un wá ká mọ̀ ọ́n. Ká lọ rí àwọn èèyàn ẹ̀, ká so yìgì. Kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ yẹn ni ò dáa."

Ìyá àgbà kò wo ojú mi. "Ọmọ wa ò ní kó ẹrù," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣẹ̀sín."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ẹ wo ohun tó ń tì mí lójú o: kì í ṣe pé wọ́n rò pé mo lálè. Lójú wọn, ọkùnrin tó lálè, ọkùnrin náà ṣì ni, wọ́n á bá a wí, wọ́n á sì jẹun. Ọkùnrin tó ń sunkún nítorí ọmọge kan tó kọsẹ̀ ńkọ́? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin kan wà, mo sì ti já a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín mi nígbà tí ìyàwó mi sọ̀rọ̀ láti orí àpótí tó jókòó sí. Etí ìró rẹ̀ ló ń ká, tó ń tú.

Ó ní, "Kí wọ́n mú un wá. Mo ti gbà."

Bó ṣe sọ ọ́ wọ̀ mí lára. Mo ní, "Kò sí obìnrin kankan. Èmi ni mo ni ìwé yẹn."

"Ta ló fún ọ?" ni àbúrò bàbá mi bi mí.

"Oníbàárà kan ló fi sílẹ̀, sà. Èmi ni mò ń kà á."

"Nítorí kí ni?"

"Ó dùn mọ́ mi ni, sà."

Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Ìyá àgbà ní, bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni mo kà á, kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ káwọn gbọ́. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi sọ ọ́, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn mi. Ibi tí wọ́n bá ti fẹnu kanra, mo ní wọ́n kí ara wọn. Wọ́n kíra púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà béèrè pé ẹbí ọkùnrin náà ńkọ́ tí obìnrin fi kẹ́rù lọ tí wọn ò dá sí i. Mo ní kò ní ẹbí, mà. Ó ní ṣé mo rí i, òun ti mọ̀.

"Nígbà tọ́kùnrin náà wá lọ bá obìnrin yẹn, kí ló sọ?" Àbúrò bàbá mi ti sún síwájú lórí àga.

Mo gbójú wolẹ̀. "Ó ní ilé ti tóbi ju òun lọ láti ọjọ́ tó ti lọ. Ó ní òun ṣì ń bu oúnjẹ ènìyàn méjì láìmọ̀." Ohùn mi já níbẹ̀, n kò sì rí eruku kankan tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí. Ó ní àwọn rò pé àlè ni, àṣé àìsàn ni. Mo mọ̀ pé kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo agbo ilé wa ní Ìfọ̀ yóò ti gbọ́. Ìyá àgbà gbàdúrà fún wa, mo sì sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa wọkọ̀.

Mo padà bá ìyàwó mi nídìí àwọn ife tí wọ́n fi mumi. Mo rò pé òun náà yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń retí rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ tọ́kùnrin inú ìwé yẹn sọ, orí lẹ ti kà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì mọ irú ẹ̀ mìíràn?"

"Mo mọ̀ díẹ̀."

Ó to àwọn ife náà sórí ara wọn. "Nígbà tí mo lọ tọ́jú ìyá mi nígbà àìsàn wọn, tí mo pẹ́ lọ́hùn-ún, ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé?"

N kò rántí.

"Ẹ ní ọbẹ̀ ti tán."