Aṣọ Ìró Lójú Fèrèsé, Íńdíà Lára Ògiri

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa fún Ọ̀gá Rámẹ́ẹ̀ṣì, ṣùgbọ́n irọ́ náà sanra.

Ọmọ Íńdíà ni, ó ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń ta fíìmù Íńdíà láti ayé kásẹ́ẹ̀tì, tó fi di sídì, tó fi wá di pé inú fóònù la ń dà á sí. Ó ní òun àti ẹgbẹ́ òun fẹ́ ṣe ọdún sinimá Íńdíà kiri àwọn abúlé ẹ̀yìn Iléṣà, níbi tí sinimá kò dé rí. Ó ń wá ẹni tí yóò máa tú ọ̀rọ̀ inú fíìmù sí Yorùbá.

"Màdáámù, ṣé ẹ gbọ́ èdè wa?" Òyìnbó ló fi bi mí.

"Mò ń gbọ́ ọ bí ẹní ń mu omi."

Ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Nínú òwò wa, ẹni tó ń ta fíìmù ló ń sọ ìtàn inú rẹ̀ fún oníbàárà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti ọ́fíìsì wọn ní Àbẹ̀rẹ̀ bọ̀ á dúró, wọ́n á ní, "Ìyá Sìdí, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú eléyìí?" Èmi á wo àwòrán ara páálí: ọkùnrin kan ń sunkún, ọmọge kan ń sá lọ. Kíá, mo ti mọ ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó. N kò lè ka òyìnbó tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù, àmọ́ wálláì, oníbàárà kan kò dá ọjà padà rí pé ìtàn mi kò bá a mu. Àwọn kan tilẹ̀ ní tèmi dùn jù.

Ọ̀gá sọ ọ́ fún mi kedere: abúlé àkọ́kọ́ ni ìdánwò. Bí wọ́n bá gbà wá, a ó dé márùn-ún tó kù. Bí wọ́n bá kọ̀ wá, òun yóò di ẹrù òun padà, ọdún parí. Èmi sì ti fọ́nnu fún gbogbo Òkè-Fìà pé mo ti di ògbufọ̀.

Ọ̀sán ni baálẹ̀ abúlé àkọ́kọ́ fún wa, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Fèrèsé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó ní ìlẹ̀kùn nínú wọn. Purojẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, kò sì lè bá oòrùn jà. Yèyé Táyọ̀, olórí àwọn ìyá ìjọ, ló gbà wá. Ó ní kí àwọn obìnrin sáré mú ìró wá látilé. Wọ́n fi àǹkárá bo fèrèsé, wọ́n fi àdìrẹ bò ó, ọ̀kan tilẹ̀ ní fọ́tò bíṣọ́ọ̀bù nínú. Inú òkùnkùn yẹn ni Íńdíà ti yọ sí wa.

Mo gbé máìkì, mo ní Ìyá Sìdí láti Òṣogbo ni mí. Ọmọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó ni fíìmù náà dá lé. Bí ọmọ bá ti la ẹnu, màá ní, "Ìyá mi, kàkà kí eṣinṣin bà lé ọ, kó bà lé mi lójú." Bó tilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ló ń béèrè, màá ní ó ń súre fún ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin ń ṣe àmín. Yèyé yíjú sí àkọ́bí rẹ̀, Bàbá Kẹ́hìndé, tí orí òun náà ti funfun.

"Ṣé ò ń gbọ́? Ọmọ nìyẹn."

"Yèyé, mo ra bàtà fún yín lọ́dún tó kọjá."

"Bàtà tó há!"

Ọ̀gá kò gbọ́ Yorùbá, ará abúlé kò gbọ́ Íńdíà, èmi sì jókòó sáàárín wọn bí ọba.

Àfi bí ìyá inú fíìmù ṣe kú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí igi ìdáná. Iná yẹn ti mọ́ mi lójú láti ọdún gbọọrọ, kò sọ sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọmọ gbé ògùṣọ̀, ó ń bọ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ fò dìde. "Ó fẹ́ sun ún! Yèyé, ṣé ọmọ tí ẹ ń yìn nìyẹn?"

"Èyí tí kò fẹ́ kí eṣinṣin bà lé ìyá rẹ̀?" Yèyé rìn dé ojú fèrèsé, ó fa ìró rẹ̀ yọ. "Aṣọ mi kò ní í ṣe ẹlẹ́rìí èyí."

Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Oòrùn ya wọlé, Íńdíà pòórá, ó ku ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àti aláǹgbá kan. Àwọn kan ti ń wá bàtà wọn. Mo rí i pé ọdún sinimá ti parí lójú mi.

Mo fi òyìnbó ọjà mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Ọ̀gá. Ó dìde, ó fi òyìnbó fèsì, mo sì tú u bó ṣe wí, n kò fi iyọ̀ kankan sí i:

"Ó ní òun náà ló fi ọwọ́ ara òun tan iná ìyá òun. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sìnkú nílé wọn nìyẹn, ọmọ tó bá kọ̀ tí kò tan án ni ọmọ burúkú. Ó ní òun kò lè dá gbé ògùṣọ̀ náà, àbúrò òun ló bá òun dì í mú."

Yèyé wò ó títí.

"Ìyá yín, ṣé wọ́n dàgbà?"

Mo bi í. "Ó ní wọ́n lé lọ́gọ́rin ọdún, Yèyé."

"Wọ́n rí ọmọ-ọmọ?"

"Mẹ́fà."

"Àgbà ló lọ nígbà náà." Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ṣé ẹ kò rí ọlọ́fọ̀ ni? Ẹ kí i!"

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá o! Ẹ̀yìn ìyá á dára o!"

Ọ̀gá pa ọwọ́ pọ̀ ní àyà, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Yèyé fúnra rẹ̀ gbé ìró rẹ̀ padà sójú fèrèsé, gbogbo wọn sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá dójú lé mi.

"Òṣogbo, eṣinṣin yẹn, inú fíìmù ló wà, àbí ẹnu rẹ ló ti fò jáde?"

"Ẹnu mi ni, Yèyé."

"Mo mọ̀. Kò sí ọmọkùnrin tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìsinsìnyí, èyí tó o bá gbọ́ ni kó o sọ."

Mo gbé máìkì sẹ́nu, mo tún gbé e kúrò, nítorí kò sí èyí tí mo gbọ́. Fíìmù ń lọ. Ọmọ náà ń bá ọmọge kan sọ̀rọ̀ létí odò.

Bàbá Kẹ́hìndé kò lè mú un mọ́ra. "Ìyá Sìdí, kí ló ń sọ fún un?"

"N kò mọ̀ o."

Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Yèyé mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Máa pa irọ́ rẹ lọ. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá máa kú, kọ́kọ́ sọ fún wa."

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn ní abúlé márààrún tó kù. Kí iná tó dé, màá ní kí wọ́n dá fíìmù dúró, màá ṣàlàyé ìsìnkú ilé onílé bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Ọ̀gá. Èyí tó bá kù, mo fi lé ẹnu mi lọ́wọ́.