Kọ̀ǹpútà mi tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé

Inú ń bí mi, ẹ má bẹ̀ mí!

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkọ̀lé, tí mò ń bú ètò kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ka orúkọ àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa, kó sì tẹ káàdì tí wọ́n máa fi gba ajílẹ̀ lọ́la. Kọ́mà ló fi ń mọ ibi tí orúkọ parí sí, tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀, tí irè oko sì tẹ̀ lé e.

Káàdì àwọn kan jáde dáadáa. Tàwọn kan, ìlú wọn di "Balógun", irè oko wọn di "Ìpáò" tó jẹ́ orúkọ ìlú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún ètò yẹn kọ!

Ìgbà tí mo ṣí fáìlì orúkọ gan-an ni mo rí i: bàbá akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́, ti fi kọ́mà àti oyè sẹ́yìn orúkọ gbogbo olóyè. Mo pè wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀."

"Kí n máa pe Balógun lórúkọ lásán bí ẹni ń pe ọmọ? Kọ̀ǹpútà rẹ ò ní ẹ̀kọ́ ulé!"

Bàbá bá gé fóònù mọ́ mi létí.

Mo fìbínú yọ gbogbo oyè kúrò. Káàdì jáde, ó dùn ún wò. Olóyè àkọ́kọ́ tó wọlé wá gba tirẹ̀ ni bàbá tó bí mi. Wọ́n wo káàdì, wọ́n wò mí, wọ́n dá a padà sórí tábìlì.

"Èyí kì í ṣe tèmi."

Mo tún ti jókòó báyìí, mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ̀yin ará, ta ni kí n bínú sí?