Ikọ́ Tí Mo Fi Ṣeré Lọ́jà Ọ̀fẹ̀

Ikọ́ Bàbá Agbẹ́kànga máa ń dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Bí a bá jókòó nínú àgbàlá wa ní Ọ̀fẹ̀, tí ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́, a ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ìdí àwọn igi kajú: ẹ̀ẹ̀mẹta kúkúrú, bí ẹni ń fi ọkọ́ kan òkúta, lẹ́yìn náà ọ̀kan tó gùn, tó máa ń mú kó tẹ̀ ba. Yóò gbé ọwọ́ lé ìbàdí, yóò tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, yóò wá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó ti lọ." Gbogbo ìgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àlejò kan jáde nílé. Ọkùnrin náà ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kànga tí à ń mu ládùúgbò wa. Eruku abẹ́ ilẹ̀ la rò pé ó ń hú. Òun náà ló jẹ́ ká rò bẹ́ẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo wà nígbà náà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní kíláàsì tírọ́sìẹ̀mù, ọdún kẹrin, mo sì ń gbé yàrá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ Kàbúà méjì. Lọ́dún yẹn, olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ara ènìyàn àti ohun ẹlẹ́mìí, ọkùnrin kan tí ìjọba gbé wá láti ìhà Pọ́bẹ̀, kó àwa kan jọ láti máa la àwọn ará ìlú lóye nípa ìlera. Mùsíè là ń pè é. Ó máa ń sọ fún wa pé ayé ti di ilé kan ṣoṣo tí ògiri àárín rẹ̀ ti wó, pé àìsàn tó ń da àwọn ará òkè òkun láàmú lè sùn ní Ṣábẹ̀ẹ́ lálẹ́ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n pín fún wa ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè jáde ní kíláàsì kí aago tó lù, kò sì sí ẹni tí yóò bi í níbi tó ń lọ.

Ikọ́ ife la mú lọ́dún náà, nítorí ọjọ́ kan wà tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún un, Mùsíè kò sì fẹ́ kí ọjọ́ náà bá wa lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tí a fẹ́ sọ fún àwọn ènìyàn kò pọ̀. Ẹni tó bá ti húkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó, a kì í sì í dá a dúró lágbedeméjì, bí ara tilẹ̀ ti yá. Kí ẹnikẹ́ni má sì sá fún aláìsàn. A fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré kékeré: ọkùnrin kan ń húkọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá fún un, ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì gbádùn. Èmi ni wọ́n fún ní ipa oníkọ́ nítorí pé n kò lè há ọ̀rọ̀ Faransé tí dókítà máa sọ sórí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo húkọ́, Mùsíè mi orí.

"Ikọ́ ewúrẹ́ nìyẹn," ló wí. "Ṣé o kò tíì rí ẹni tó ń húkọ́ rí ni?"

Mo ti rí i. Mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí, mo hú mẹ́ta kúkúrú àti ọ̀kan gígùn, mo tẹ̀ ba, mo tutọ́, mo ní, "Ó ti lọ." Àwọn ẹgbẹ́ mi ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, mo di èèyàn pàtàkì. A ṣe é ní Ṣábẹ̀ẹ́, a ṣe é ní Àdìdó, kò sì sí ẹni tó mọ Bàbá Agbẹ́kànga níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ pé Ọ̀fẹ̀ ló kàn, ó yẹ kí n wá ikọ́ mìíràn. N kò wá a. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé mi rí ohun tí mo dà.

Ọjọ́ ọjà ni. A gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí abẹ́ igi máńgòrò, Mùsíè sì di mìkíró mú. Bí mo ṣe hú mẹ́ta àkọ́kọ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ìyá tèmi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo, "Ẹ wò ó, Agbẹ́kànga nìyẹn." Ọjà dà rú fún ẹ̀rín. Nígbà tí mo wá sọ pé "Ó ti lọ," àwọn ènìyàn ti ń bá mi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rẹ́ inú eré sá fún mi, wọ́n ń da aṣọ bo imú, àwọn ọmọdé sì bá wọn sá. Ìdí tí kò fi yẹ kí ènìyàn sá ni Mùsíè ń ṣàlàyé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Láti ibi tí mo wà ni mo ti rí Bàbá Agbẹ́kànga lẹ́yìn èrò, ó gbé okùn kànga kọ́ èjìká. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó yí padà, ó ń lọ, ó sì ń fi ọwọ́ di ẹnu kí ikọ́ má bàa jáde. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín nìkan ni mo gbọ́.

Aṣu gbàgbé, akó ò gbàgbé. Mo padà sí Ṣábẹ̀ẹ́, mo sì gbàgbé. Ìgbà tí ìsinmi ńlá dé tí mo wálé ni ìyàwó Bàbá Agbẹ́kànga wọlé tọ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò jókòó.

"Ọmọ wa," ló wí, "ìwọ tí o mọ ikọ́ ọkọ mi tó bẹ́ẹ̀, wá gbọ́ èyí tó ń hú báyìí."

Ìyá mi ní kó jọ̀ọ́, kó fìdí kan ilẹ̀. Orí ìdúró ló ti sọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ń lo oògùn ikọ́ ife kí a tó wá ṣeré wa. Oṣù méjì gbáko ló fi ń gba inú igbó lọ sí ilé ìwòsàn láràárọ̀, tí yóò sọ fún ẹni tó bá pàdé pé kànga kan lòun ń lọ wò. Ara rẹ̀ ti ń yá. Lẹ́yìn eré wa, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin ní kó má fa omi ní kànga tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Kò sẹ́ni tó pè é síṣẹ́ mọ́. Ó wá ní bí wọ́n bá rí òun nílé ìwòsàn, òun àti ikọ́ náà ti di ọ̀kan nìyẹn, ló bá dá oògùn dúró.

Nínú gbogbo Ọ̀fẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ń ṣe ohun tí a wá sọ pé kí wọ́n ṣe, òun gan-an la lé kúrò nídìí rẹ̀.

Ìyá mi bá mi lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí eruku iwájú ilé rẹ̀. Orí àpótí ló jókòó sí, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, èjìká rẹ̀ sì ti yọ egungun.

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má bínú. N kò mọ̀ pé ẹ ń gba ìtọ́jú."

"Ká ní o mọ̀ ńkọ́?"

Mo tún fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Dìde, ọmọ ìwé," ló wí. "Ṣé ìdí ilé mi lo ti hú u ni? Ọjà lo ti ṣe mí. Ọjà ni kó o ti tún un ṣe."

Ìyá mi fẹ́ bá mi bẹ̀bẹ̀. Ó wo ìyá mi. "Ìyá rẹ̀, ohùn yín náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ni mo bá gba àyè lọ́wọ́ dẹ̀lẹ́gẹ̀, olórí abúlé, mo sì gun bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi." Kí n tó sọ gbólóhùn kejì, ẹlẹ́ran kan ti kígbe, "Ó tún dé. Ọmọ, má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, hú u fún wa." Mo ní ikọ́ kọ́ ni mo bá wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní àṣìṣe ni mo ṣe, pé mo fi àìsàn bàbá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú mi, omi ojú gidi, obìnrin kan sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Wò ó bó ṣe ń díbọ́n bí ẹni ń sunkún. Ọmọ yìí gbọ́n." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò tíì gbọ́ àtẹ́wọ́ tó korò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo lọ jẹ́ iṣẹ́ fún Bàbá Agbẹ́kànga pé ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. "Ó dáa," ló wí. "O ti ń mọ bó ṣe rí."

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu. N kò ní ọgbọ́n mìíràn, ẹsẹ̀ nìkan ni mo ní. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀: "Bàbá, mo wá sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn." Kò ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, ó ní kí n lọ bá ìyá mi bó ẹ̀gẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, òjò ń rọ̀, mo dúró sábẹ́ òrùlé rẹ̀ títí tí ó fi dá. Nígbà náà ló jáde, ó ti wọ bàtà.

Mo ti ń yà sí ọ̀nà igbó nígbà tó pè mí padà.

"Ọ̀nà ọjà la ó gbà."

"Bàbá, àwọn ọmọdé..."

"Ìtìjú ló jẹ́ kí n máa gba inú igbó. Ìtìjú wo ló tún kù? Ìwọ bọ́ síwájú. Ìwọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí."

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, nítorí oògùn tí a dá dúró kì í dúró deni. Oṣù méjì tó ti lò tẹ́lẹ̀ ti ṣòfò. Bàbá Agbẹ́kànga wojú mi, ó sì na ọwọ́ gba oògùn. Nọ́ọ̀sì fún mi ní aṣọ ìbòmú fún àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì ṣàlàyé fún mi pé bí oògùn bá ti ń wọlé dáadáa, àìsàn náà kì í ran ẹlòmíràn mọ́. Ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu mìkíró nígbà púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló tó yé mi.

Báyìí la ṣe ń lọ láràárọ̀. Àwọn ọmọdé húkọ́ lẹ́yìn wa títí ó fi sú wọn, nítorí ẹ̀sín máa ń tán bí ẹni tó ń ṣe é kò bá rí ẹni tó bínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé obìnrin kan tó ń ta gàrí ń tẹ̀ lé wa. Mo rò pé ọ̀nà ló pa wá pọ̀. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé, ó sún mọ́ Bàbá Agbẹ́kànga, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í gba nǹkan kan?" Bàbá ní, "Wọn kì í gba nǹkan kan. Máa bọ̀." Obìnrin náà wọlé tẹ̀ lé e, ìta ni mo dúró sí. Gbogbo ariwo tí a pa káàkiri, n kò rí ẹni tó mú dé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wọlé, n kò padà. Bàbá mi ní, "Ikọ́ baba ẹlòmíràn lo fẹ́ fi sọ ìwé rẹ nù?" Mùsíè gun alùpùpù wá wò mí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Mo rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ló ń wọlé." Kò fi tipátipá mú mi. Àwọn kan ṣì ń yìn mí pé mo fi ìwé sílẹ̀ nítorí aláìsàn. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ tán. Oṣù mẹ́fà ni mo fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìyókù, ìṣirò ti ń lé mi kúrò ní kíláàsì kí ikọ́ tó dé.

Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́fà pé, wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé àárín ọjà, ó jókòó sí ìsọ̀ alákàrà, ó ní kí n jókòó. Alákàrà wò wá díẹ̀, ó bu ẹ̀kọ fún wa, ó sì gba ti Bàbá padà nígbà tó rí i pé kò kún, ó bu kún un. A jẹun lójú gbogbo ọjà.

Ó ṣì wà láàyè. Kò lè sọ̀kalẹ̀ sínú kànga mọ́, àyà rẹ̀ kò gba eruku. Etí kànga ló ń jókòó sí, tí ó ń darí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ. Bí mo bá kí i, ó ń dáhùn. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bi í rí, nítorí ó ṣeé ṣe kó sọ òtítọ́ fún mi.

Alùpùpù ni mo fi ń gbé èrò ní Ṣábẹ̀ẹ́ báyìí. Nígbà gbogbo ni mo ń rí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, tí wọ́n ń fi eré dánra wò lẹ́bàá ọ̀nà: ti ibà, ti omi ìdọ̀tí, ti àtọ̀gbẹ. Iṣẹ́ wọn dára, n kò sì fẹ́ kí wọ́n dá a dúró. Mo máa ń pa ẹ̀rọ, n ó wò wọ́n títí ẹni tó ń ṣe aláìsàn yóò fi bọ́ síta. Bó bá ṣe é dáadáa jù, n ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó bi í pé, "Àbúrò, ta lò ń wò ṣe é?" Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa gun alùpùpù mi lọ. Mo máa ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, n ó sì tún bi í.